Èsì: Fíìmù HP5 tó dúdú kirikiri lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ tán

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní fíìmù HP5 yín, ìyẹn fíìmù àwòrán dúdú-àti-funfun, dúdú kirikiri lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ń bèèrè bóyá kẹ́míkà ló bàjẹ́. Ó jọ pé omi tẹ́ ẹ lò ló gbóná jù, kì í ṣe pé kẹ́míkà yín bàjẹ́. Ìṣẹ́jú 11 tẹ́ ẹ lò fún D-76 (dẹfẹ́lọ́pà, kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde lára fíìmù) tẹ́ ẹ bu omi là ní ìdajì-ìdajì yẹn, ti omi 20°C ni, ẹ̀yin wá lọ bu omi táǹkì orí òrùlé n'Ífẹ̀ níbí lọ́sàn-án gangan, ẹ ní kó má dúdú kẹ̀?

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà àti lẹ́tà kéékèèké etí fíìmù náà. Tí wọ́n bá ti dúdú ràn-ìn, omi gbígbóná ni. Tó bá jẹ́ àwòrán nìkan ló dúdú tí lẹ́tà etí ẹ̀ ṣì hàn ketekete, a jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló wọ kámẹ́rà jù, ìyẹn ti yàtọ̀.

1. Ẹ da piọ wọ́tà tútù sínú bọ́ọ̀lù ńlá, kẹ́ ẹ gbé ìgò dẹfẹ́lọ́pà sínú ẹ̀, tòun ti fíkísà (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí àwòrán náà pa rẹ́) àti omi tẹ́ ẹ máa fi ṣàn án.
2. Tó bá ti dé 24°C, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú lórí 20, pàápàá tí ò bá síná. Ìṣẹ́jú 7 àbọ̀ sí 8 ti tó fún 24.

Ẹ má lọ fi omi yìnyín ṣàn án lẹ́yìn dẹfẹ́lọ́pà tó gbóná o! Ojú fíìmù lè hunjọ bí awọ, kò sì látùúnṣe.

Èyí tó dúdú yẹn, ẹ má jù ú nù, ó ṣì ṣeé skáànù.