Interact tàbí Rotaract: èwo ló yẹ ọmọ ọdún 14?

Interact ni, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ béèrè bóyá ọmọ yín tó ti pé ọdún 14 lè wọ Rotaract. Ẹgbẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ ìrànwọ́ fún ìlú ni méjèèjì, wọ́n sì jẹ mọ́ Rotary, ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kárí ayé. Ọmọ ọdún 12 sí 18 ni Interact wà fún. Ẹni tó bá ti pé 18 ni Rotaract ń gbà. Tẹ́lẹ̀, bí èèyàn bá ti lé ní 30, kò sí àyè fún un ní Rotaract mọ́, àmọ́ wọ́n ti mú òfin yẹn kúrò.

Ẹgbẹ́ Rotary ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ Interact. Ọdún 1962 ni ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Melbourne, ní Florida, l'Amẹ́ríkà.

Lọ́dọọdún, iṣẹ́ méjì ó kéré tán ni ẹgbẹ́ Interact kọ̀ọ̀kan ń ṣe: ọ̀kan fún ilé ìwé tàbí àdúgbò wọn, ìkejì kí wọ́n lè lóye àwọn èèyàn ilẹ̀ mìíràn. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń yan ààrẹ, akọ̀wé àti akápò, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ràn jù. Ọmọ tó jẹ́ akápò á ka owó tó wọlé, á kọ ọ́ sílẹ̀, á wá dìde níwájú ẹgbẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ná an. Kíláàsì kì í sábà fún ọmọ láǹfààní yẹn.

Ẹ béèrè nílé ìwé ọmọ yín bóyá wọ́n ní Interact. Bí kò bá sí, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ Rotary tó sún mọ́ yín. Wọ́n lè dá a sílẹ̀ ní àdúgbò náà.