Ìwé owó ẹgbẹ́ wa ti dàrú nínú Excel: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ dátábéèsì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan nílùú Ìbàdàn. Àwa 180 là ń dá owó lóṣooṣù, Excel ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ti wà níbẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, àpapọ̀ owó ojú ìwé kan kò sì bá ti èkejì mu mọ́. Wọ́n ní kí n lọ lo dátábéèsì. Kí ni yóò ṣe tí Excel kò lè ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ohun tí dátábéèsì fi ju Excel lọ fún irú iṣẹ́ yín ni pé ó mọ bí a ti ń kọ̀. Ẹ lè kọ "ẹgbẹ̀rún márùn-ún" síbi tó yẹ kí 5000 wà, ẹ sì lè kọ owó sórúkọ ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, Excel kò ní sọ nǹkan kan bí ẹ kò bá ṣètò àyẹ̀wò síbẹ̀. Lọ́dún 2020, nílẹ̀ England, èsì àyẹ̀wò Kòrónà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16,000 ni kò dé ibi tó yẹ lásìkò, torí pé irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n ń kó o sí kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ìyókù jábọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ètò kọ̀ǹpútà tó ń bójú tó dátábéèsì, tí à ń pè ní DBMS, ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà fáìlì yín. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún un lédè SQL, yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá òfin tí ẹ fi lélẹ̀ mu. SQLite, ọ̀kan lára àwọn DBMS, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ọ̀fẹ́ ni, fáìlì kan ṣoṣo ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bí akọ̀wé mẹ́ta bá fẹ́ máa kọ nǹkan sí i lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ sí PostgreSQL tàbí MySQL, torí ẹnì kan ṣoṣo ni SQLite máa ń jẹ́ kó kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ mú bébà àti bírò. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Àtúnkọ orúkọ lóṣooṣù ló sọ ẹnì kan di mẹ́ta. Láti ìgbà tí Edgar Codd ti iléeṣẹ́ IBM ti gbé èrò rẹ̀ jáde ní 1970 ni a ti mọ ìwòsàn rẹ̀: ẹ kọ nǹkan síbi kan ṣoṣo, kí ibi yòókù máa tọ́ka sí i. Àtẹ kan fún ọmọ ẹgbẹ́, òmíràn fún owó:

```
CREATE TABLE omo_egbe (
  id INTEGER PRIMARY KEY,
  oruko TEXT NOT NULL,
  foonu TEXT
) STRICT;

CREATE TABLE owo (
  id INTEGER PRIMARY KEY,
  omo_id INTEGER NOT NULL REFERENCES omo_egbe(id),
  kobo INTEGER NOT NULL CHECK (kobo > 0),
  ojo TEXT NOT NULL
) STRICT;
```

Nọ́ńbà tó wà lára káàdì ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi ṣe `id` àtẹ àkọ́kọ́. `NOT NULL` ní kò gbọdọ̀ ṣófo. `CHECK` ní owó gbọ́dọ̀ ju òdo lọ. `REFERENCES` ní ẹni tí ẹ fẹ́ kọ owó sí lórúkọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú `omo_egbe`. Nítorí náà, ẹ kó orúkọ wọlé kí ẹ tó kó owó. Bí ẹ bá kọ owó fún nọ́ńbà 181 tí kò sí, yóò fèsì pé `FOREIGN KEY constraint failed`. Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ tí ẹ rán an ló ń jẹ́. Ṣùgbọ́n SQLite kì í ṣe àyẹ̀wò yìí bí ẹ kò bá pàṣẹ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí fáìlì, `PRAGMA foreign_keys = ON;` ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Bí kò bá sí `STRICT`, tó wà láti ẹ̀dà 3.37, yóò gba ọ̀rọ̀ síbi tí ẹ fẹ́ nọ́ńbà.

Fóònù jẹ́ `TEXT` kí òdo iwájú rẹ̀ má bàa pòórá. Owó wà ní kọ́bọ̀, ₦5,000 di 500000, torí kọ̀ǹpútà kì í ṣírò nọ́ńbà tó ní ìdá, bíi 0.1, gérégé: lọ́dọ̀ rẹ̀, àpapọ̀ 0.1 àti 0.2 kì í jẹ́ 0.3 gérégé. Ẹ kọ ọjọ́ báyìí: 2025-03-09, kí ó lè tò tẹ̀léra.

Ẹ má ṣe ya òpó (column) sọ́tọ̀ fún àpapọ̀ owó. Ibẹ̀ ni ìṣirò yín ti yà. Ẹ béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá nílò rẹ̀:

```
SELECT omo_id, SUM(kobo)/100.0 FROM owo GROUP BY omo_id;
```

Orúkọ Yorùbá ní wàhálà tirẹ̀. Adebayo àti Adébáyọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà lójú dátábéèsì. Èyí tó tún le jù ni pé ọ̀nà tí a lè gbà tẹ "ọ̀" ju ẹyọ kan lọ: ẹnì kan lè tẹ ọ kó fi àmì ohùn lé e, ẹlòmíràn lè tẹ ò kó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ojú ń rí wọn, ṣùgbọ́n àwárí yín kò ní rí èkejì. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa fi wá èèyàn. Bí ẹni tó mọ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, bá ń bá yín kó orúkọ wọlé, ẹ ní kó fi `unicodedata.normalize("NFC", oruko)` tún wọn ṣe ná.

Bí ẹ bá ń kọ owó oṣù tí NEPA mú iná lọ ní ìlà 97 ńkọ́? Ẹ fi `BEGIN;` ṣáájú, kí ẹ fi `COMMIT;` parí rẹ̀: yálà kí gbogbo 180 wọlé, tàbí kí ẹyọ kan má wọlé. `BEGIN` yìí náà ni yóò gbà yín lọ́wọ́ àṣìṣe tó burú jù. `UPDATE` ni àṣẹ tó ń yí ohun tí ẹ ti kọ padà, `WHERE` ló sì ń yan ìlà tó kàn. `UPDATE owo SET kobo = 500000;` láìsí `WHERE` yóò sọ gbogbo owó tí ẹ ti kọ sílẹ̀ di ₦5,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ fi `SELECT` wo ìlà tí `WHERE` yín mú, kí ẹ tó ṣe `UPDATE`. Bí ó bá ṣì, `ROLLBACK;` yóò dá a padà, bí ẹ kò bá tíì kọ `COMMIT`.

Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ `.backup egbe_eda.db` nínú sqlite3, ètò tí ẹ fi ń kọ àṣẹ sí SQLite, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà náà sórí fláàṣì tí kì í gbé inú ọ́fíìsì. Ẹ má kan ṣe kọ́pì fáìlì nígbà tí ẹnì kan ń kọ nǹkan sí i, ìdajì lè wọlé kí ìdajì má wọlé. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà, kí ẹ kọ `PRAGMA integrity_check;`. Bí kò bá ti dáhùn `ok`, ẹ ṣe òmíràn lọ́jọ́ náà gan-an.