Èsì: Lefebvre, orúkọ ọmọ alágbẹ̀dẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ni Lefebvre, orúkọ ìdílé ọ̀gá yín ará Kánádà, túmọ̀ sí, àbí orúkọ ìdílé ọba ni. Rárá o, alágbẹ̀dẹ ni. Inú "faber" ti èdè Látìn ló ti jáde, ìyẹn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tó dé ẹnu àwọn Faransé àtijọ́, ó di "fèvre", ẹni tó ń rọ irin. Ẹ má pe b àárín yẹn rárá! Àwọn akọ̀wé ayé ìgbà yẹn ló fi í sínú rẹ̀ kó lè jọ Látìn. Bí Lefèvre ni wọ́n ṣe ń pè é.

Àríwá ilẹ̀ Faransé ló pọ̀ sí jù. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, Fabre tàbí Faure ni alágbẹ̀dẹ kan náà ń jẹ́. Ní Brittany, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, Le Goff ni. Lefebvre pọ̀ gan-an ní Quebec náà, ní Kánádà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìdílé ọ̀gá yín wà.

Ti Amẹ́ríkà ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn Lefebvre kan di Bean níbẹ̀, torí pé irú ẹ̀wà kan ni Faransé ń pè ní "fève". Ọmọ Ògún wá di ọmọ ẹlẹ́wà!