Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Náà Kúrò Kí VIO Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni ọkọ̀ gbá àbúrò mi pa níbi tó ti ń sọdá títì Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹ̀ ní kí ẹbí méjèèjì lọ parí ẹ̀ nílé, pé àwọn fẹ́ yọ̀ǹda ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sì ti ń kó yanrìn jọ láti fi mọ bọ́m̀pù síbẹ̀. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?
Ẹ̀gbọ́n olóògbé, Iléṣà

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á dá ìyókù sí.

Ọkọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré sí. Ìjọba ló ni ẹjọ́ ẹni tí wọ́n fi ìwàkuwà pa, kì í ṣe ẹbí. Owó ìsìnkú tí awakọ̀ bá san kò pa á rẹ́. Lónìí gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá yẹn: ṣé VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ti yẹ bíréèkì, táyà àti iná ọkọ̀ wò? Ẹ ní kí wọ́n má yọ̀ǹda ẹ̀ títí àbọ̀ àyẹ̀wò yóò fi wọ fáìlì. Tí mẹkáníìkì bá ti pààrọ̀ bíréèkì, ẹ̀rí lọ nìyẹn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín.

Lẹ́yìn náà, téèpù. Kí ẹni méjì wọn ibi tí táyà ti fà lórí ọ̀dà, kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú òpó iná tàbí ohun tí kò lè ṣípò. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, bí ipa náà bá gùn tó mítà 20, eré ọkọ̀ ọ̀hún tó nǹkan bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ní ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há, kì í sábàá fi ipa tó hàn sílẹ̀, nítorí náà àìsí ipa kò dá awakọ̀ láre. Tí ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí bá ní kámẹ́rà, ẹ tètè bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ yẹn máa ń gba tuntun lé ti tẹ́lẹ̀ lórí.

Abala 31 òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní kí ọlọ́pàá fi àbájáde ìwádìí ránṣẹ́ sí Agbẹjọ́rò Àgbà fún ìmọ̀ràn. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí fáìlì kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí wọ́n bá ń fi òní dónìí, fi ọ̀la dọ́la, ó kan Kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá l'Óṣogbo, lẹ́yìn ẹ̀ ni Police Service Commission l'Ábùjá, tó lágbára láti bá ọlọ́pàá wí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá àwọn ọ̀dọ́ yẹn dúró. Inú ló ń bí wọn, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 80 ní wákàtí kan ń lọ mítà 22 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí awakọ̀ tó rí òkìtì yanrìn lóru, ó ti gùn ún, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì wọlé sí i lára. Kódà láàárín ìlú, bọ́m̀pù tó dáa kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó sì máa ń fẹ̀ tó mítà mẹ́ta ààbọ̀, pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ níwájú ẹ̀.

Ti ìjọba àpapọ̀ ni títì náà. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ wọn tó ń rí sí iṣẹ́ òde, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ẹ bèèrè fún ibi ìdúró láàárín títì, kí èèyàn lè máa sọdá apá kan lẹ́ẹ̀kan, iná, kí wọ́n ṣán igbó tó bo kọ́ọ̀nà, kí wọ́n sì sún ibi tí ọkọ̀ ti ń já èrò kúrò níbẹ̀. Ẹ fi fọ́tò àti ìwọ̀n téèpù yẹn sínú lẹ́tà náà.