Ìyá Ni Kí O Kọ́kọ́ Yẹ̀ Wò

Àbúrò mi, o ní ó dá ọ lójú pé ẹ̀dà méjèèjì jíìnì bicoid, èyí tí ń jẹ́ kí orí àti àyà hù, tí àwọn ìdin kantíkantí rẹ jogún ló bàjẹ́, síbẹ̀ orí wọn pé, àyà wọn sì pé, o wá ń béèrè ibi tí o ti ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gba oṣù méje lọ́wọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Mo da ìgò oúnjẹ nù lọ́pọ̀ ìgbà, mo ń dá ìyẹ̀fun àgbàdo lẹ́bi, mo sì ń dá ooru inú yàrá lẹ́bi nígbà tí iná bá lọ. Ooru léwu lóòótọ́, nítorí pé ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ló bá wọn lára mu, bó bá sì ti tó 30, àwọn akọ kì í lè bímọ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru ló fún àwọn ìdin yẹn ní orí. Ìyá wọn ni.

Kí àtọ̀ tó dé inú ẹyin ni ìyá ti yan ibi tí orí àti ìdí yóò wà. Sẹ́ẹ̀lì kan ló pín lẹ́ẹ̀mẹrin tó di 16. Ọ̀kan nínú wọn di ẹyin, àwọn 15 yòókù sì di alágbàtọ́ tí ń kó ẹrù gba ojú ihò tó so wọ́n pọ̀ wọ inú ẹyin náà. Lára ẹrù wọn ni mRNA, ìyẹn àdàkọ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì: mRNA bicoid, tí ó dúró sí apá iwájú, àti mRNA oskar, ti jíìnì mìíràn tí ń darí apá ìdí, tí purotéènì akẹ́rù kan tí ń jẹ́ kinesin ń gbé rìn lórí àwọn okùn tín-ín-rín inú ẹyin títí dé apá ìdí. Lẹ́yìn tí ìyá bá yé e, mRNA bicoid yóò di purotéènì, yóò pọ̀ jọjọ níwájú, yóò sì máa dín kù bó ṣe ń lọ sí ìdí. Kò sí awọ sẹ́ẹ̀lì tí yóò dí i lọ́nà, nítorí pé kóró inú ọlẹ̀ (núkílíọ́ọ̀sì) á pín ní ìgbà 13 kí awọ tó là wọ́n láàrín. Wolfgang Driever àti Christiane Nüsslein-Volhard ló fi èyí hàn ní Jámánì ní 1988, wọ́n sì rí i pé bí ẹ̀dà bicoid inú ìyá bá ṣe pọ̀ sí i ni ààlà orí ń sún sẹ́yìn sí i.

Ohun tó wá tán iyèméjì mi ni iṣẹ́ tí Anne Ephrussi àti Ruth Lehmann ṣe ní 1992: wọ́n darí oskar sí iwájú ẹyin, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí yóò di irú-ọmọ, tí ibùgbé wọn jẹ́ apá ìdí, sì hù níbi tí orí yẹ kó wà. Ibi tí a gbé e sí ló pàṣẹ.

Nítorí náà, má ṣe da àwọn ìdin rẹ nù. Ẹ̀dà kan tó dára wà lára ìyá wọn, òun ló sì fi pèsè ẹyin wọn. Jẹ́ kí wọ́n dàgbà, kó àwọn abo kí wákàtí 8 tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, kí akọ kankan má tíì gùn wọ́n, kí o sì fún wọn ní akọ tí ara rẹ̀ dá pé. Fi òwú dí ẹnu ìgò dáadáa, pàápàá nígbà máńgòrò, torí abo kan péré láti ìta lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹyin tí àwọn abo wọ̀nyí bá yé kò ní pa, nítorí pé àwọn fúnra wọn kò ní ẹ̀dà bicoid tó dára tí wọn yóò fi pèsè rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ kan bá ti kọjá, bó èèpo rẹ̀, kí o sì wo iwájú rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìrù ni ìwọ yóò rí níbẹ̀.