Ìyá Wa Kò Jáde Mọ́ Nítorí Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Ń Fọ̀ Nílé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, oṣù kẹrin nìyí tí ìyá wa, olùkọ́ tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílé wa ní Àkúrẹ́, nítorí kíndìnrín wọn kò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, nípa omi inú báàgì tí à ń gba rọ́bà dà sínú ikùn wọn, tí a sì ń fà jáde padà, lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Èmi àti àbúrò mi ni a ń ṣe gbogbo rẹ̀. Wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n sì ní àwọn kò ní bá wa lọ sí ìgbéyàwó kan ní Oǹdó. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ìfẹ́ ni ẹ fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àkóso kíláàsì kò wá ní àṣẹ lórí ara rẹ̀ mọ́, èyí sì wà lára ohun tí ó mú wọn jókòó sílé. Bí ojú wọn bá ríran dáadáa, tí ọwọ́ wọn kò sì gbọ̀n, ẹ dá a padà fún wọn díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n máa gun ìwọ̀n láràárọ̀, kí wọ́n sì máa kọ iye omi tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ yín jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi lè fọwọ́ ara wọn so báàgì.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnu rọ́bà náà, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, kí a ti fèrèsé, kí a pa fáànù, kí àlejò sì dúró ní pálọ̀. Mo mọ bí ooru Àkúrẹ́ ṣe ń mú nínú oṣù kẹta, síbẹ̀ eruku tí fáànù ń fẹ́ lè kó àrùn wọ ikùn. Bí omi tí ó jáde bá rú bí omi ògì, tàbí tí inú ń run wọ́n, tàbí tí ara wọn gbóná, ẹ gbé báàgì náà dání lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sì fi ẹja àti ẹyin dù wọ́n, nítorí omi náà máa ń kó purotéènì jáde lára.

Ní ti ìgbéyàwó, fífi ọwọ́ fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí kò nílò iná mànàmáná. Kí wọ́n fa omi àtijọ́ jáde, kí wọ́n sì da tuntun sí i kí ẹ tó gbéra. Yóò wà nínú ikùn fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ bẹ àwọn onínàáwó fún yàrá kan tí ó mọ́, tí ó sì ní ìlẹ̀kùn, fún pípààrọ̀ omi ti ọ̀sán, kí ẹ sì bi nọ́ọ̀sì bí àkókò ṣe lè yẹ̀ tó. Ẹ tètè fún télọ̀ ní aṣọ ẹbí wọn, kí ó fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìró má baà fún ibi tí rọ́bà ti jáde.