Kì í ṣe owó ló wọ́n wa ní Manchester United

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Àbúrò wa kan láti Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì, ní ahun ló ń pa Manchester United. Ó ní kí wọ́n ṣáà ṣí àpò, kí wọ́n ra sítíráíkà gidi kan àti ẹni méjì fún àárín, a ó padà sípò wa. Ẹ̀gbọ́n kan dá a lóhùn pé àwọn Glazer, ìdílé tó ra ẹgbẹ́ náà, ló jẹ owó náà tán, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ni nǹkan yóò tò. Mo gbọ́ ti àwọn méjèèjì. Láti 1999 tí a gba ife mẹ́ta lọ́dún kan ni mo ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ yìí, ó sì ń dùn mí bó ṣe ń dùn yín. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó nídìí owó ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù rí. Ẹgbẹ́ kékeré ni, àmọ́ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n gbà pé owó ni ìṣòro wa.

Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà nígbà náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe akápò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Owó wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó ń fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù, àwọn ìyá ọlọ́jà ń dá tiwọn, àwọn ọlọ́kadà náà ń mú ohun tí agbára wọn ká wá. Inú ìwé kékeré kan ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí. Lọ́dún kẹta, wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mejì léraléra nínú ìdíje kan. Ìkejì yẹn, ilé wa ni, góòlù mẹ́rin sí òdo, lójú àwọn ìyá tó ń dáwó fún wa. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ pe ìpàdé. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó fà á tí wọ́n fi ń nà wá. Ohun tó wà lẹ́nu gbogbo wọn ni pé ọmọkùnrin kan wà l'Ákùúrẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń mumi, pé ká lọ mú un wá.

Kóòṣì wa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹ̀yìn ló ń jò, pé bí a bá kó sítíráíkà mẹ́ta wá, àwọ̀n wa ò ní yéé gba góòlù. Wọ́n ní kó jókòó. Èmi tí mo di àpò mú, mo mọ̀ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó wa ni ọmọ náà yóò jẹ. Mi ò lanu. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé mi ò lanu.

Nígbà tí a dé Àkúrẹ́, ẹni tó ń ṣojú ọmọ náà ti gbọ́ pé wọ́n nà wá. Iye tó dárúkọ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kọ́ ló dárúkọ lọ́jọ́ náà, torí ó rí i pé ara ń ta wá. A san ìdajì, a ṣèlérí ìdajì. Ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n gbá, kí wọ́n fi lé e lẹ́sẹ̀, òkè sì ni bọ́ọ̀lù tiwa máa ń wà, torí òkúta ló kún pápá ilé-ìwé tí à ń lò. Góòlù méjì ló gbá wọlé fún wa ní odidi sáà kan. Kí sáà tó parí, kóòṣì ti bínú lọ. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò fẹ́ rí ọmọ náà sójú rárá, àdéhùn ọdún méjì sì ti wà nílẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi padà sí Ìkọ̀lé ní Oṣù Kẹjọ 2022. Brighton nà wá 2–1 ní Old Trafford, pápá ilé wa, Brentford tún fi 4–0 lé e. Kí oṣù náà tó parí, United ti ná nǹkan bíi £60 mílíọ̀nù sórí Casemiro, wọ́n sì ti gbà láti san nǹkan bíi £82 mílíọ̀nù fún Ajax nítorí Antony. Ṣé Ajax kò rí ìyà tó ń jẹ wá ni? Wọ́n rí i, wọ́n sì jókòó ti ọjà wọn. Nígbà tí Betis, ẹgbẹ́ kan ní Sípéènì, ra Antony lọ́wọ́ wa ní 2025, ohun tí wọ́n san kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye yẹn. Àbúrò mi, àpò ti ṣí, ó ṣí gbayawu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni 2013. Kóòṣì wa Alex Ferguson lọ, David Gill tó ń bójú tó ọ́fíìsì náà lọ ní sáà kan náà. Ed Woodward ló jókòó sí àga Gill, ọmọ ilé báǹkì ni, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú bí àwọn Glazer ṣe ra ẹgbẹ́ yìí. Ọjà ńlá àkọ́kọ́ tó ná nìyí: Marouane Fellaini ní iye kan nínú àdéhùn rẹ̀ ní Everton, £23.5 mílíọ̀nù, tí ẹnikẹ́ni lè fi mú un títí ìparí Oṣù Keje. United jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá. Ọjọ́ tí ọjà máa tì ni wọ́n sáré rà á ní £27.5 mílíọ̀nù. Agbábọ́ọ̀lù kan náà ni, ní oṣù kan sí i. Paul Pogba kúrò lọ́dọ̀ wa ní 2012, owó tó wọlé lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. A fi £89 mílíọ̀nù rà á padà ní 2016, ó sì tún lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2022.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Èkìtì á rántí ìtàn òṣómàáló, àwọn ará Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ wá tà láwìn. Aṣọ á ti gbó lára rẹ, olówó aṣọ á ṣì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Bí wọ́n ṣe ń ra agbábọ́ọ̀lù lónìí nìyẹn. Wọ́n máa ń san owó náà díẹ̀díẹ̀, nínú ìwé ìṣirò wọ́n sì máa ń pín in sórí ọdún àdéhùn. £82 mílíọ̀nù lórí ọdún márùn-ún, bíi £16.4 mílíọ̀nù lọ́dún, yálà ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù tàbí kò gbá. Ní Oṣù Kẹta 2025, Jim Ratcliffe, tó ra ìpín nínú ẹgbẹ́, fúnra rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ ṣì jẹ gbèsè lórí Antony, Casemiro, Onana, Højlund àti Sancho. Chelsea ni Sancho ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà yẹn, £17 mílíọ̀nù ló ṣẹ́kù tí a máa san lé e. Mo mọ bó ṣe ń rí. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ọmọ Àkúrẹ́ ti fi wá sílẹ̀ ni mo tó san ìdajì tó kù, owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà dá fún sáà tuntun ni mo sì fi san án.

Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn Glazer. Ní 2005, owó yíyá ni wọ́n fi ra èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì gbé gbèsè náà ka orí ẹgbẹ́ tí kò jẹ ẹnikẹ́ni tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ratcliffe ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ti wà láti Oṣù Kejì 2024, ẹ sì wo ohun tó tẹ̀lé e. Oṣù Keje ni wọ́n fi kún àdéhùn kóòṣì Erik ten Hag, Oṣù Kẹwàá ni wọ́n lé e. Dan Ashworth, olùdarí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù dúró dè, oṣù márùn-ún péré ló lò. £14.5 mílíọ̀nù ni yíyọ àwọn wọ̀nyí jẹ, lọ́dún kan náà tí wọ́n dá nǹkan bíi 250 òṣìṣẹ́ dúró pé kò sówó. Èyí bí mi nínú ju ìfìdírẹmi èyíkéyìí lọ.

Ọ̀rọ̀ Scott McTominay ńkọ́? Òfin líìgì nígbà náà ní àdánù ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju £105 mílíọ̀nù lọ lọ́dún mẹ́ta. Ọmọ tí a tọ́ láti kékeré kò ní iye tí a fi rà á nínú ìwé, gbogbo owó tí a bá tà á ni èrè. Nítorí náà, a tà á fún Napoli ní nǹkan bíi £25 mílíọ̀nù ní 2024. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ló gba líìgì Ítálì, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù níbẹ̀. A ta ọmọ ilé láti fi dí ihò tí àwọn tí a rà gbẹ́. Ní sáà kan náà, Ruben Amorim tó gbapò kóòṣì ń kó àwọn tí a rà fún Ten Hag sínú ètò tí kò bá wọn lára mu, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún la parí sí, àmì 42.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún ń pariwo orúkọ sítíráíkà, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló fẹ́ ẹ, ibo ló máa dúró lórí pápá, àti kóòṣì wo ló máa lò ó lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ wa lọ́dún kẹrin nìyẹn, kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Wọ́n bínú sí mi. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òmùò-Èkìtì, mo lọ bẹ kóòṣì wa àkọ́kọ́ nílé rẹ̀. Ó ní òun á padà bí a bá fún òun ní ọmọ ẹ̀yìn méjì. Ọmọ ilé-ìwé ìlú wa ni àwọn méjèèjì, bàtà àti owó ọkọ̀ nìkan la san lórí wọn. Góòlù mẹ́ta péré ló wọ àwọ̀n wa kí a tó dé kọ́tà-fáínà.